Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Ba Ojú Gbádéyan Jẹ́

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ fẹ́ràn ká máa nà gbalaja kí yín, ẹ dákun, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.
Ebenezer ni olórí ẹbí wọn ní Iffe, ìlú kan nítòsí Kabba. Ọ̀gá ni lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, ìkíni sì ti mọ́ ọn lára. Ẹni tó bá kí i lóòró, ó lè má dá a lóhùn fún oṣù kan gbáko! Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ni Gbádéyan, télọ̀. Èéyi ti fọ́ ojú òsì Gbádéyan láti kékeré, ojú ọ̀tún nìkan ló fi ń ránṣọ. Nígbà tí kataráàtì bo ìyẹn náà, tí gbogbo nǹkan wá rí bí ìgbà ọyẹ́ lójú rẹ̀, Ebenezer fúnra rẹ̀ ló bá a wá dókítà ní Kabba. Ẹ má pè é ní èèyàn burúkú o. Ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀.

2.
Iṣẹ́ abẹ náà kò tó wákàtí kan. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ṣí ojú náà, Gbádéyan wo Lois ìyàwó rẹ̀ títí.
"Lois, ìgbà wo ni irun rẹ funfun tó báyìí?"
"Ẹ̀yin náà ẹ lọ wo díńgí!"
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Lois. Nọ́ọ̀sì fi ike tó mọ́ gaara bo ojú náà, ó ní, "Bàbá, fún oṣù kan, ẹ ò gbọdọ̀ tẹrí ba, ẹ má sì jẹ́ kí nǹkan kan gbá a. Ojú kan tí ẹ ní nìyí."

3.
Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ebenezer. Ó bá àlejò mẹ́ta jókòó ní pálọ̀.
"Okun o, ẹ̀gbọ́n! Mo ti ń ríran o!" Gbádéyan kí i bí àwọn ará ìlú wọn ṣe ń kíni, àmọ́ ó kàn tẹ orúnkún díẹ̀ ni.
Inú Ebenezer dùn, ó tilẹ̀ fẹ́ dìde dì mọ́ ọn. Ó wá rí i pé àwọn àlejò ń wo òun.
"Ṣé dókítà yọ ọmọlúàbí mọ́ kataráàtì ni?"
Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ ọn.
Lois kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá wa, wọ́n ní kò gbọdọ̀ tẹrí ba."
"Ṣé dókítà ló bí i ni?"
Gbádéyan ní, "Ó tó, Lois. Ẹ̀gbọ́n mi ni." Ó sì nà gbalaja. Kò fura sí ẹsẹ̀ tábìlì. Ike ojú náà gbá a gbàà.
"Yéè! Ojú mi o!"

4.
Wọ́n sáré gbé e padà sí Kabba. Ojú ọgbẹ́ náà ti ṣí. Dókítà rán an, ó fi oògùn sí i, àmọ́ kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ní òun ti ṣe gbogbo ohun tó wà lágbára òun. Òkùnkùn ṣú mọ́ Gbádéyan pátápátá.

5.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ebenezer dá lọ sílé àbúrò rẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ. Ebenezer ṣí fìlà, ó na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀, àyà rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì. Ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ló bá húkọ́.
Gbádéyan mọ ikọ́ náà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni? Okun o. Kí ló dé tí ẹ dúró? Ẹ jókòó." Ó ń fọwọ́ wá a kiri nínú afẹ́fẹ́. "Ẹ má bínú, mi ò mọ apá ibi tí ẹ wà ni, ǹ bá ti dọ̀bálẹ̀."
Ebenezer sunkún nílẹ̀ níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kò rí i.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má torí èyí sá fún iṣẹ́ abẹ ojú o. Iṣẹ́ abẹ kọ́ ló ba ojú Gbádéyan jẹ́. Ẹ̀yin tí wọ́n bá ṣe é fún, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti sọ pé "mi ò lè tẹrí ba." Ẹ̀yin àgbà sì ńkọ́? Tí ẹnì kan bá ti ilé ìwòsàn ojú dé nínú ẹbí yín, ẹ tètè sọ fún un kó tó tẹrí ba: "Jókòó, mo ti gba ìkíni rẹ."