Áńpílífáyà Alápótí Méjì

Ẹ tiẹ̀ bá mi wo Alhaji Bùrẹ́ímọ̀.

Ọjọ́ kẹta rèé tó ti ń da Bólúwadúró tó ń ta rédíò láàmú ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìbàfò.

Owó áńpílífáyà kan ṣoṣo ló mú wá, àmọ́ ẹnu rẹ̀ tó ti ẹni mẹ́wàá.

"Alhaji, ẹ ra alápótí kan," Bólúwadúró ń bẹ̀ ẹ́. "Òun nìkan ló ń dá gbogbo iṣẹ́ ṣe. Ẹ sáà ti so sípíkà mọ́ ọn, ó parí."

Alhaji yínmú. "Kí ẹnì kan máa dá gbogbo iṣẹ́ ṣe? Ìrẹ́jẹ nìyẹn."

Alápótí méjì ló wù ú: ọ̀kan ń to ohùn, èkejì ń fún un lágbára.

Bólúwadúró mi orí. Bàbá yìí mọ orin o!

Àmọ́ Alhaji ò ní jẹ́ kó tan òun jẹ.

Ó gbé àpótí méjèèjì wò bóyá wọ́n wúwo bákan náà. Ó fi téèpù wọ̀n wọ́n. Ó ka bọ́tìnnì iwájú wọn: mẹ́rin níbí, mẹ́rin lọ́hùn-ún.

"Ọ̀kan ò ju ọ̀kan lọ, àbí?"

"Rárá, sà."

"Alhamdulillahi."

Ó sanwó, ó gbé méjèèjì sẹ́yìn mọ́tò.

"Èyí ń lọ sílé ìyàwó mi àgbà ní Mowé. Tìyàwó kékeré ń lọ sí Ifọ̀."

Bólúwadúró figbe ta. "Alhaji! Ọ̀kan ò lè dún láìsí èkejì o!"

Alhaji ti ṣáná sí mọ́tò.

"Ta ló ní kó dún? Ilé méjèèjì ti ń dún tipẹ́. Ohun tó máa pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni mo wá rà."