Ìpàá Mẹ́ta fún Ilẹ̀kùn Màámi

Rédíò wà níbẹ̀, fóònù wà lórí tábìlì, owó ìyá sì wà lábẹ́ ẹní níbi tó máa ń wà. Ilẹ̀kùn iwájú nìkan ló bàjẹ́. Ìyá ní òun lọ pọn omi ni, àti pé kí òun tó dé, férémù ti ya, ilé kọ́kọ́rọ́ sì ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọmọkùnrin rẹ̀ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀gbẹ́ni yìí ló ń wa ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì. Nítorí bó ṣe tóbi, gbogbo èèyàn ń pè é ní Katakata, bíi ti ẹ̀rọ tó ń wó ilé. Ó ní bó bá di Sátidé, òun ń kó ìyá lọ sílé òun, ìyàwó òun ti tún yàrá kan ṣe.

Gbogbo wọn ló mọ èsì tí ìyá máa ń fún un. Láti ọdún mẹ́jọ tí bàbá ti kú, ó ti sọ ọ́ lójú ẹbí, ó sọ ọ́ lójú àna, ó ní ẹsẹ̀ òun ò ní kúrò nílé ọkọ òun àfi tí wọ́n bá gbé òun jáde. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ó mí kanlẹ̀.

“Tí ilẹ̀kùn ò bá ṣeé gbára lé mọ́, kí ni mo fẹ́ wí?”

Àánú rẹ̀ ṣe ọmọbìnrin rẹ̀. Ọmọbìnrin yìí ló ń tún bẹ́ǹṣì ṣe nílé ìwé kan. Kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń tú nǹkan, ó ń tò ó padà, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi láyè di Sátidé kí n fi tún un ṣe,” ó wí. “Ẹ gbá ilẹ̀kùn náà nípàá mẹ́ta. Tó bá ṣí, ẹ máa kó Màámi lọ. Tí kò bá ṣí, a ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí mọ́.”

Katakata rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Èmi? Ilẹ̀kùn? Má wulẹ̀ ra nǹkan kan o. Fowó ẹ ra páálí tá a máa fi kó ẹrù.”

Owó ọmọbìnrin náà ò tó ra ilẹ̀kùn onírin lóòótọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó gbé ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì kan tó ti kán wá, irin pẹlẹbẹ ni, ó sì fi ayùn gé e sí méjì láti fi de férémù. Súkúrù nìkan ló rà, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìka àárín.

“Màámi, kì í ṣe ilẹ̀kùn ló ń já, férémù ni. Ẹ wo súkúrù tí kápẹ́ńtà yẹn lò, kò ju èékánná mi lọ! Tèmi yìí máa la férémù kọjá wọnú ògiri.”

“Mélòó lo fẹ́ kì síbẹ̀?”

“Mẹ́jọ.”

“Mẹ́jọ kẹ̀? Méjì ti tó. Má pa ara ẹ.”

“Ẹ fi mí sílẹ̀. Bá a bá máa jẹ ọ̀pọ̀lọ́, ká jẹ èyí tó lẹ́yin.”

Àpá òòlù kan wà lára férémù náà, níhà inú ilé. Ọmọbìnrin fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò.

“Olè yìí ya wèrè o. Ó já ilẹ̀kùn wọlé tán, ó tún dúró sínú, ó ń lù ú.”

“Olè òde òní,” ìyá dáhùn. “Wọn ò kọ́ṣẹ́ dáadáa.”

Ìyá bá a di tọ́ọ̀ṣì mú. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, iná náà á rọra yà kúrò lójú iṣẹ́, ọmọbìnrin á sì ní kó dá a padà.

“Àwọn adìẹ yín dà?”

“Mo ti kó wọn fún aládùúgbò. Ṣé kí olè wá kó wọn ni?” Ó gba tọ́ọ̀ṣì sí ọwọ́ kejì. “Yàrá tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ tún ṣe yẹn, ṣé fèrèsé ẹ̀ kọjú sí títì?”

“Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, Màámi. Ẹ ò ní débẹ̀.”

Iná tọ́ọ̀ṣì tún yà kúrò lójú iṣẹ́.

Ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ò ṣòro fún ọmọbìnrin. Ó kan ìkọ́ irin méjì mọ́ ògiri, ó fi igi líle kan dábùú ilẹ̀kùn, ó parí.

Láàárọ̀ Sátidé, Katakata gbé ọkọ̀ ìkẹ́rù wá. Ìyá fún un ní búrẹ́dì àti tíì, ó tún fi ẹyin sí i.

“Jẹun dáadáa. Ebi ò ṣeé fi gbá ilẹ̀kùn.” Ó wolẹ̀, ó rí ẹsẹ̀ rẹ̀. “Sílípáàsì? Ìwọ ọmọ yìí! Dúró.” Ó wọlé, ó gbé bàtà iṣẹ́ bàbá wọn jáde, èyí tó nírin nímú.

Ọmọbìnrin pàtẹ́wọ́. “Ẹ ò rí Màámi! Wọ́n ti mọ̀ pé kò lè ṣí!”

Ó ti ilẹ̀kùn pa látìta. Ìpàá àkọ́kọ́, eruku jábọ́ látòkè. Ìkejì, àwọn aládùúgbò jáde.

“Sún sẹ́yìn dáadáa,” ìyá pariwo. “Sáré wá!”

Katakata sún sẹ́yìn dé ẹnu géètì, ó sáré bí ẹni tí oyin ń lé. Gbì! Ilẹ̀kùn dúró. Òun ló fìdí jókòó sílẹ̀.

“Katakata ti kú sójú ọ̀nà o,” aládùúgbò kan wí. “Ẹ wá bá wa tì í!”

Katakata rọra dìde, ó di orúnkún mú, òun náà ń rẹ́rìn-ín. “Ó ti tó. Màámi, ilé yín ni, ẹ máa gbé e. Mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láéláé.”

Ọmọbìnrin dì mọ́ ìyá rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìyá tó fọwọ́ lu ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “O ṣeun, ọmọ mi. Ọwọ́ ẹ mọṣẹ́ jù.”

Nígbà tí ọkọ̀ gbé àwọn ọmọ méjèèjì lọ tán, ìyá yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó wọ yàrá, ó fa àpò ńlá kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn aṣọ tó ti dì sínú rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kí olè tó wá.