Ibi Tí Àgbà Olórin Ti Dákẹ́

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bàbá Rẹ́kọ́ọ̀dù àti ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ti ń fa orin kan ṣoṣo mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Orin jáàsì ni, èyí tí àgbà olórin kan tó ti dolóògbé kọ sínú àwo lógójì ọdún sẹ́yìn. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n máa fi orin náà rántí rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú, Bàbá ló sì máa yan ẹni tó máa kọ ọ́. Ọmọbìnrin náà ò tíì dúró níwájú èrò rí, ó sì ń wá àyè yìí lójú méjèèjì.

Ìjà wọn ò ju ibì kan lọ. Nínú àwo yẹn, àgbà olórin kọrin dé àárín ẹsẹ kejì, ó sì dákẹ́ lójijì. A ò tún gbọ́ ohùn rẹ̀ títí ẹsẹ kẹta fi bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tó bá kọ orin yìí ló ń dákẹ́ níbẹ̀. Omi máa ń bọ́ lójú àwọn kan. Nígbà ayé olórin náà, tí wọ́n bá bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n lọ bi Bàbá Rẹ́kọ́ọ̀dù. Bàbá ti bá wọn ṣiṣẹ́ nílé tí wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀, òun nìkan ló sì ṣẹ́kù láyé nínú wọn. Ta ló fẹ́ já a níyàn?

"Ẹ̀yin olórin òde òní," ni Bàbá wí, "ẹnu yín kì í sinmi. Àwọn àgbà mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n panu mọ́. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i."

"Etí lèmi ń lò, Bàbá, kì í ṣe ojú. Ẹ gbọ́ dùùrù yẹn. Ó ń dáhùn. Ta ló ń dá lóhùn nígbà tí ẹnikẹ́ni ò pè é?"

"Ọlọ́run ló ń dá lóhùn. Ìwọ ṣáà dákẹ́ níbẹ̀."

Ó tún gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Bí orin bá ti dé ibẹ̀, Bàbá a máa wo ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀wọ̀ ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ẹni tó ń tẹ dùùrù wá bá wọn nílé. Bàbá ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Tí ọmọ náà bá lanu níbẹ̀, ẹlòmíì ló máa kọrin ní Sátidé.

Orin dé ibẹ̀, ọmọ náà sì lanu. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó gun òkè díẹ̀díẹ̀, ó rọ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá fi ẹ̀rín sọ̀ kalẹ̀. Dùùrù dáhùn, wọ́n bá ara wọn mu bí ìkòkò àti ọmọrí rẹ̀.

Bàbá yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ọmọ náà ti kúnlẹ̀. "Ẹnu ló yọ̀ mí."

"Ta ló kọ́ ẹ níyẹn?"

"Kò sẹ́nì kankan, Bàbá. Bí dùùrù yẹn ṣe ń dáhùn ni mo fi mọ ohun tó yẹ kí n kọ."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni kó o kọ ọ́ ní Sátidé."

Ó fò mọ́ Bàbá lọ́rùn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tí ò tíì gbọ́ nínú ilé pé òde òní ti borí, pé òun ti yí àgbà lọ́kàn padà, pé ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ rí lòun fẹ́ kọ.

Inú Bàbá dùn ju tirẹ̀ lọ, kò sì já a níyàn, nítorí ogójì ọdún ni ìtìjú ò ti jẹ́ kó lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé àgbà olórin ò dákẹ́ rárá, pé ohun tí ọmọ yìí kọ gan-an ló ń kọ lọ́jọ́ náà, nígbà tí òun Bàbá fẹsẹ̀ kọ wáyà máìkì rẹ̀, tí wáyà náà sì yọ.