Ìrìn Tí Gàfárù Ń Rìn Lórí Ìjókòó

Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá, tí ẹ ní ìyá, tí ẹ sì ní ara tiyín láti tọ́jú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.
Ní Bẹyẹrúnkà, aṣọ òkè ni Gàfárù ń hun. Ìdí òfì ni bàbá rẹ̀ hu ewú sí, ibẹ̀ ni òun náà ń hu tirẹ̀ sí. Nígbà tí ìtọ̀ ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, dókítà kan ní Yemẹtù sọ fún un pé, "Bàbá, ìjókòó yín ti pọ̀ jù. Ẹ máa lo oògùn yín, kí ẹ sì máa rìn láràárọ̀."

Sìdí, ìyàwó rẹ̀, ló sọ ọ̀rọ̀ náà di tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán, á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn méjèèjì á gba Ọjà'ba, wọ́n á rọra gun òkè Mápó, wọ́n á sì gba Ọ̀rányàn padà sílé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìrìn yẹn kì í ṣe ìrìn oògùn lásán. Níbi tí wọ́n ti ń ta ṣájà fóònù lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ya fọ́tò ìgbéyàwó wọn, lọ́jọ́ tí Gàfárù yá bàtà ọ̀gá rẹ̀ wọ̀, tí bàtà ń bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó ló sì ti kọ́kọ́ rí Sìdí, tó ru òwú ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà.

"Ẹ rántí ohun tí ẹ wí lọ́jọ́ náà?" Sìdí á bi í.

"Mo ní ẹrù rẹ wúwo, kí n bá ọ gbé e."

"Irọ́ ni! Ẹ ní òwú ìyá mi kò dáa, kí n lè dúró bá yín jà!"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi délé. Ṣúgà rẹ̀ sì ń wálẹ̀.

2.
Karimat, ọmọ wọn tó wà ní Àbújá, fi aago ọwọ́ kan ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Aago náà ń ka ìṣísẹ̀. Bí èèyàn bá ti rìn tó, á gbọ̀n pìrìpìrì, Karimat á sì rí i lórí fóònù tirẹ̀ lọ́hùn-ún.

Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọn ò lè jáde. Gàfárù jókòó sídìí òfì, ó ń ju ọ̀kọ̀ òwú láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì. Ká tó wí, ká tó fọ̀, aago gbọ̀n! Ọwọ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ ni aago kà sí ẹsẹ̀.

Karimat pè. "Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ o! Nínú òjò yìí náà lẹ rìn tó báyìí?"

Òtítọ́ dé ètè Gàfárù. Ṣùgbọ́n oríyìn dùn létí. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, kò sí òjò.

"Bàbá Karimat, ilẹ̀ ti ń mọ́ o."

"Máa lọ. Màá rìn tèmi níhìn-ín."

3.
Sìdí kò dákẹ́. Ó gba aago náà lọ́jọ́ kan, ó so ó mọ́ ọwọ́, ó sì jókòó ti gàrí tó ń jọ̀. Nígbà tó parí, ó mú aago náà wá bá ọkọ rẹ̀.

"Ẹ wò ó. Orí àpótí ni mo wà látàárọ̀. Aago yín ní mo ti rìn lọ, mo ti rìn bọ̀."

Inú bí Gàfárù. "Ṣé ìwọ lo gbọ́n ju àwọn tó ṣe é lọ?"

"Aago kò mọ ọwọ́ yàtọ̀ sí ẹsẹ̀, Bàbá Karimat. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n."

Ó na ọwọ́, ó gba aago rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni Sìdí ti ń dá rìn. Gàfárù tún bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó ní ẹni tó ń rìn tó òun lè mu ún. Karimat náà, nítorí ohun tó ń rí lórí fóònù, kò bi í mọ́ bóyá ó ń lọ rí dókítà.

4.
Egbò kékeré kan yọ sáàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò dùn ún, torí ẹsẹ̀ náà ti kú tipiri. Òórùn ló jẹ́ kí Sìdí mọ̀, níbi tó ti ń bu omi àlùwàlá fún un.

Karimat sáré ti Àbújá dé ilé ìwòsàn. Ó na fóònù sí dókítà. "Ẹ wò ó, dókítà! Bàbá mi ń rìn lójoojúmọ́!"

Dókítà yíjú sí Gàfárù. "Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni?"

Gàfárù wo ìyàwó rẹ̀. Sìdí mọ ohun gbogbo, ṣùgbọ́n kò tú u fó. Ilẹ̀ ló ń wò. Ojú ti Gàfárù.

"Ọwọ́ mi ló ń rìn," ló wí.

Ìsàlẹ̀ orúnkún ni wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà.

5.
Nígbà tó ṣe, ó bẹ ìyàwó rẹ̀ pé òun fẹ́ fojú kan òkè Mápó lẹ́ẹ̀kan sí i. Sìdí pe máíkírà kan. Ọkọ̀ náà gòkè, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè, awakọ̀ kò sì lè rọra. Gàfárù fi orí ti gíláàsì, ó ń wá ojú ọ̀nà tó ti mọ̀ láti kékeré.

"Ìyá Karimat, ṣé a ti débẹ̀ ni?"

"A ti kọjá rẹ̀."

Ó bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Ìwọ tó ń ka èyí, mi ò ní kí o sọ aago rẹ nù. Ṣùgbọ́n má ṣe gba oríyìn ohun tí o mọ̀ pé o kò ṣe. Ara rẹ kò sí lórí fóònù. Bí ẹni tó fẹ́ràn rẹ bá sì ń pè ọ́ láàárọ̀ pé ẹ jọ jáde, dìde, kí o bá a lọ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà. Àwọn àgbà ti wí i tẹ́lẹ̀: ẹni tó tan ara rẹ̀ ni òrìṣà òkè ń tàn, àpọ́n tí kò láya nílé, tó ní kí òrìṣà bun òun lọ́mọ.