Gìtá Ọjọ́ Jímọ̀

Sàníù, tó ń fi pọ́líìṣì kun àga ní Adégbayì, kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe iṣẹ́ kánjúkánjú. Nígbà tí ọkùnrin kan gbé gìtá wá bá a láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ó ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

“Kò lè rí bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá Sàníù,” ọkùnrin náà wí. Fọlájìmí ló pe orúkọ ara rẹ̀. Wọ́n ti fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ funfun tó wọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ pupa ti gbẹ mọ́ bàtà rẹ̀, ó sì kún abẹ́ èékánná rẹ̀. “Iṣẹ́ òkú ni.”

Sàníù gbé búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Adégbayì, iṣẹ́ òkú kì í tò sẹ́yìn. Tí wọ́n bá ti dárúkọ òkú, àga ìyàwó tuntun pàápàá á sún fún un.

“Ta ló fi wá sílẹ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, Ògúntúyì, ní Erunmu. Àwọn ló ni gìtá yìí. Ọjọ́ Jímọ̀ la máa sin wọ́n, ẹ̀gbẹ́ wọn la sì máa tẹ́ ẹ sí. Ilẹ̀ ti wà ní gbígbẹ́. Mo ti ra pósí, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ààbọ̀, torí wọ́n ga. Àwa méjì péré ni bàbá wa bí. Gbogbo oko náà ti wá di tèmi nìkan.”

“Ọlọ́hun á kẹ́ wọn.”

“Àmín. Ọjọ́bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ni màá wá gbé e.”

Nígbà tó lọ tán, Mùjíbátù, ìyàwó Sàníù, fi ẹ̀gẹ́ tó ń bó sílẹ̀, ó wá wo gìtá náà.

“Bàbá Zubaidah, ṣé ẹ ti gbàgbé ọjọ́ mọ́kànlá?”

Sàníù ò gbàgbé. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó kun àga kan fún ẹnìkan, àṣé àga olè ni. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní tí wọ́n bá tún bá ẹrù olè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ló kàn.

“Ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nìyẹn,” Sàníù wí.

“Ta ni ò lè pa irọ́ òkú, kí wọ́n lè tètè dá a lóhùn?”

Sàníù fa gìtá náà mọ́ra. Ó tú okùn gìtá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀kan nínú wọn ń dán yinrin, tuntun ni. Ó dojú gìtá náà délẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n. Ọyẹ́ ti ń jà láti ọ̀sẹ̀ méjì, eruku sì ti wọnú gbogbo nǹkan ní Adégbayì, títí kan ìgò tó wà nínú àpótí. Kò sí eruku kankan tó jábọ́ nínú gìtá náà. Ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha ọrùn rẹ̀. Ìdọ̀tí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn irin kéékèèké orí ọrùn náà rọ̀ bí èèpá ẹ̀kọ. Òógùn ọwọ́ ni. Kò tíì gbẹ.

“Bóyá àná ni wọ́n kú,” ó wí. “Àwa Mùsùlùmí la ń sin òkú lọ́jọ́ kan náà. Tiwọn lè pẹ́ nílẹ̀.”

“Bóyá ẹni tó ni ín ló ń wá a kiri báyìí.”

Lọ́jọ́ kejì, Mùjíbátù lọ bá Bàbá Ọ̀ṣunfúnmi tó ń kan pósí ní oríta. Nígbà tó dé, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Òótọ́ ni. Ó ra pósí, bó ṣe wí náà ló ṣe gùn. Wọ́n ní òun nìkan ló wá gbé e, kò jẹ́ kí wọ́n bá òun délé.”

“O ò rí i? Olè kì í ra pósí.”

Ọkàn Sàníù balẹ̀. Ó ká àkísà rírọ̀, ó tì í bọ pọ́líìṣì, ó ń fi yí ara gìtá náà po lọ́nà méje, ó ń jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ ibòòji kó tó tún un kùn. Ó fi àdín àgbọn pa ọrùn rẹ̀. Ó so okùn rẹ̀ padà. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, èèyàn lè wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó kàtàrí, àgbàlagbà kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó lè wọ abẹ́ páànù Sàníù. Gìtá náà ló kọ́kọ́ gbé kó tó kí ẹnikẹ́ni. Èékánná àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ gùn. Kò wo ọwọ́ rẹ̀ tó fi yí etí gìtá náà títí ohùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi bára mu, ó sì ta á díẹ̀. Mùjíbátù dáwọ́ ẹ̀gẹ́ tó ń bó dúró.

Sàníù rántí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, tó bá jẹ́ pé wọ́n jí i ni, èmi ò mọ̀. Ẹ máa gbé e lọ. Ẹ má pe ọlọ́pàá.”

“Ta ló jí i?” Bàbá náà rẹ́rìn-ín. “Àbúrò mi ló gbé e wá fún ọ. Ó ní kí n má tíì wá wò ó, ara mi ni ò gbà á.”

Sàníù mí kanlẹ̀. Ará ilé òkú ni. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀.

“Ẹ kú ará fẹ́ra kù, bàbá.”

“Ta ló kú?”

“Ògúntúyì tó ni gìtá.”

“Èmi ni Ògúntúyì,” bàbá náà wí, ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀, “lọ́la ni Fọlájìmí máa gbé èmi àti gìtá mi lọ sí oko, ó ní kí n má sọ fún ará ilé kankan.”