Ẹsẹ̀ Abẹ́ Bọ́ọ̀dù

Ẹ gbọ́ ohun tójú Oyèkànmí rí o. Òun àti Àjíbádé ni wọ́n jọ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, títí Oyèkànmí fi tan iná nígbà tí ọwọ́ Àjíbádé ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà. Iná gbé e, ó kú. Oyèkànmí ní èèṣì ni. Irọ́ ni! Ṣọ́ọ̀bù ló fẹ́ dá ní.

Nígbà tó yá, ó yọ bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà olóògbé, ó ń dè é mọ́ inú àpótí kọ̀ǹpútà tuntun lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ń súfèé. Ni ẹnì kan bá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀.

"Oyè, iṣẹ́ wàrà-wàrà ẹ náà nìyí! O ò fi ẹsẹ̀ kéékèèké tó ń gbé e sókè sábẹ́ bọ́ọ̀dù. Ṣé kó máa fara kan irin ni?"

Òótọ́ ni. Ohùn Àjíbádé sì ni. Kí Oyèkànmí tó ronú, ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọnú àpótí láti tú u. Ọwọ́ ò jáde mọ́. Ó wolẹ̀, ó rí wáyà kọ̀ǹpútà tó ń wọ́ lọ síbi ihò iná lára ògiri, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò mú un dání.

"Àjíbádé, dákun, jọ̀ọ́!"

"Fara balẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Èmi náà ò ráyè yọ ọwọ́ tèmi."