Ẹni Kẹta Nínú Ọkọ̀

Ìwà Akínbọ̀dé, ọ̀gá tó ń kọ́ Abọ́sẹ̀dé ní ọkọ̀ òfurufú wíwà, ń rí i lára. Ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń wo aago iwájú awakọ̀ nìkan fi wa ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe, àmọ́ ọ̀gá kò kọ ìwé ìrìn-àjò tuntun, èyí tó ń sọ iye ẹni tó wà nínú ọkọ̀ fún àwọn adarí ọkọ̀ òfurufú. Èyí tí òun àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì lò lóṣù tó kọjá ló tún fi ránṣẹ́. Lájídé, ọ̀kan nínú wọn, ti kú sómi láti ìgbà náà.

“Ọ̀gá, ẹni mẹ́ta lẹ kọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwa méjì la ń lọ. Bí ọkọ̀ bá já, ẹni mẹ́ta ni wọn yóò máa wá.”

“Ìyá Ìjọ, ṣé o fẹ́ kó já ni?” Ọ̀gá fi èékánná ta eyín, ó tu ohun tó yọ sílẹ̀.

Ilẹ̀ ṣú bá wọn lókè. Ìbòjú tí Abọ́sẹ̀dé dé fún ẹ̀kọ́ náà kò jẹ́ kó rí ju aago lọ. Òórùn ẹrẹ̀ tó ti rà ń bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹnìkan ń mí sí i lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀gá jókòó sí.

Wọ́n béèrè lórí rédíò láti ìsàlẹ̀ pé, “Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nínú ọkọ̀?”

“Méjì,” ni ọ̀gá wí.

Ọwọ́ kan tó tutù, tó ń yọ̀, nà kọjá èjìká Abọ́sẹ̀dé, ó sì rọra gba ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá.